Àna Tó Ń Gba Abẹ́ Bọ́dà

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ní Ìwòyè-Kétu, Màmá Toheebat jókòó ti igbá ẹ̀pà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, Kòkúmọ́ ọmọ Igbogila sì dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú rẹ̀ pẹ̀lú kóòtù òyìnbó lọ́rùn. Toheebat ló fẹ́ fẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti ní kí ọmọbìnrin náà lọ dúró sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìmẹ̀kọ títí ọ̀rọ̀ yóò fi yanjú. Ohun kan ṣoṣo ni Màmá fẹ́ mọ̀, irú iṣẹ́ tí Kòkúmọ́ ń ṣe. Iṣẹ́ fàyàwọ́ ló pa ọkọ rẹ̀. Mọ́tò ìrẹsì tó ń wà bọ̀ láti òdìkejì bọ́dà ló forí sọ mọ́tò mìíràn lọ́nà igbó. Láti ọjọ́ náà ni opó ti búra pé onífàyàwọ́ kankan ò ní fẹ́ ọmọ òun.

"Dìde, jókòó, kí o bá mi bó ẹ̀pà. Iṣẹ́ wo lò ń ṣe nílùú òyìnbó?"

"Físíìsì ni, Màmá."

"Mo mọ̀ pé físà lẹ fi ń wọlé. Iṣẹ́ ni mo bi ọ́."

"Físíìsì, Màmá, kì í ṣe físà. Ẹ̀kọ́ nípa bí inú ohun gbogbo ṣe rí ni. Èmi, gúlúọ́ọ̀nù ni mò ń wádìí."

"Gúlúkóòsì! O wá fi ọwọ́ lásán wá kí mi, pẹ̀lú bó ṣe máa ń rẹ̀ mí tó yìí?"

"Gúlúọ́ọ̀nù ni, Màmá. Ká kàn pè é ní àtè."

"Àtè tí wọ́n fi ń mú ẹyẹ?"

"Ẹ ṣeun! Ẹ̀ ń gbọ́ mi." Kòkúmọ́ fa kóòtù sẹ́yìn, ó ṣa ẹ̀pà onímẹ́ta kan nínú igbá, ó gbé e sókè bí olùkọ́. "Ohun kan wà tó kéré gan-an, tó wà nínú gbogbo nǹkan, nínú èmi, nínú ẹ̀yin. Púrótọ́ọ̀nù là ń pè é. Ẹ jẹ́ ká ní ẹ̀pà yìí ni. Hóró mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, kúáàkì lorúkọ wọn. Àtè yẹn ló lẹ̀ wọ́n pọ̀ tí wọn ò fi lè jáde láéláé."

Màmá gba ẹ̀pà náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó da hóró mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sẹ́nu.

"Wọ́n ti jáde."

"Ti ẹ̀pà nìyẹn, Màmá. Ti púrótọ́ọ̀nù yàtọ̀. Tí ẹ bá gbé e sórí ìwọ̀n, hóró mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò wúwo tó nǹkan kan. Ọ̀dọ̀ àtè àárín wọn ni ìwúwo yẹn ti ń wá."

"Àtè ọ̀hún ló wá wúwo."

"Rárá o. Òun gan-an ò ní ìwúwo kankan."

Màmá gbé igbá sílẹ̀. "Hóró ò wúwo. Àtè ò wúwo. Ẹrù wá wúwo."

"Ẹ ti mọ̀ ọ́n!"

"Mo ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Wọ́n ti da yanrìn sínú àpò yẹn, Kòkúmọ́. Wọ́n ń rẹ́ ọ jẹ."

"Kò sí yanrìn níbẹ̀! Agbára tí wọ́n fi ń fa ara wọn, eré tí wọ́n ń sá nínú ibi tó há, òun ló di ìwúwo."

"Ìwọ ti fojú rí àtè yẹn rí?"

"Kò sẹ́ni tó fojú rí ẹyọ kan rí."

"Wọ́n sì ń sanwó fún ọ lórí ẹ̀?"

"Lóṣooṣù."

Màmá wo kóòtù, ó wo bàtà, ó tún wo kóòtù. "Ọmọ yìí, ṣé kì í ṣe yàhú lò ń ṣe?"

"Ha, Màmá! Iṣẹ́ gidi ni. Púrótọ́ọ̀nù yẹn, a máa ń fọ́ ọ ni."

"Ẹ máa ń fọ̀ ọ́?" Ohùn Màmá rọlẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. "Kí ló wá dé tí o ń tì sọ́tùn-ún tì sósì láti àárọ̀? Má tijú. Ọmọ Alájì Husain náà, àwo ló ń fọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ti kọ́lé."

"Fọ́ ni mo wí, Màmá, mi ò wí fọ̀! À ń fi ọ̀kan lu ìkejì, wọ́n á fọ́ yángá!"

"Ta ló ń gbálẹ̀ ibẹ̀?"

"Kò ṣeé gbá. Bó ṣe fọ́n ká la fi ń mọ bí inú rẹ̀ ṣe rí. Ìṣirò tó ń sọ ọ́ fún wa là ń pè ní sítírọ́ọ̀ṣọ̀ fọ́ńṣọ̀n."

"Fọ́ńṣọ̀n! Ẹ fọ́ nǹkan onínǹkan tán, ẹ tún ń ṣe fọ́ńṣọ̀n lé e lórí? Ta lẹ ń pè síbẹ̀?"

"Kì í ṣe fọ́ńṣọ̀n jíjẹ mímu. Ó ń sọ bí wọ́n ṣe pín ẹrù inú rẹ̀ ni, èyí tí kúáàkì gbé àti èyí tí àtè gbé. Ìyanu tó wà níbẹ̀ ni pé bí a bá ṣe lù ú kíkankíkan tó, tí a sì wò ó fínnífínní tó, bẹ́ẹ̀ ni àtè yẹn ń pọ̀ sí i. Ọ̀kan á pín di méjì, méjì á di mẹ́rin, títí wọn ò fi ní ríbi dúró sí mọ́."

"Èyí yé mi," ni Màmá wí. "Gbogbo ìgbà tí ọkọ mi fi wà láyé, àbúrò méjì ni mo mọ̀ mọ́ ọn. Ọjọ́ tí a fẹ́ pín ẹrù rẹ̀, àbúrò kún ojúde fọ́fọ́."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Kòkúmọ́ rò pé òun ti yege. Ó tú bọ́tìnnì kóòtù, ó nasẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ṣì í.

"Níbo lẹ ti ń fọ́ ọ?"

"Nínú ihò kan báyìí, lábẹ́ ilẹ̀. Ó rí roboto bí òrùka. Apá kan rẹ̀ wà ní Súwísálándì, apá kejì wà nílẹ̀ Faransé."

Ọwọ́ Màmá dúró sórí ẹ̀pà.

"Kí ló wà láàárín ilẹ̀ méjèèjì?"

"Bọ́dà ni."

"Ihò yẹn wá gba ibo kọjá?"

"Abẹ́ bọ́dà."

"Kọ́sítọ́ọ̀mù ńkọ́?"

"Kọ́sítọ́ọ̀mù kì í dé inú ihò, Màmá."

"Ẹrù inú rẹ̀, ṣé ó máa ń sáré?"

"Lọ́sàn-án, lóru! Ìmọ́lẹ̀ nìkan ló lè sáré jù ú lọ. Àwọn kan ń lọ, àwọn kan ń bọ̀. Ibi tí wọ́n bá ti pàdé ni wọ́n ti ń forí sọ ara wọn."

Màmá dìde. Ẹ̀pà dà sílẹ̀.

"Ẹrù tí ẹnikẹ́ni ò rí rí! Ó ń sáré lóru! Ó ń gba abẹ́ bọ́dà ilẹ̀ Faransé! Wọ́n ń forí sọ ara wọn! Kòkúmọ́, gbé bàtà rẹ. Fàyàwọ́ lò ń ṣe!"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́!" Kòkúmọ́ ti wà lórí ìkúnlẹ̀ láàárín ẹ̀pà. "Kò sí ẹrù! Tí ẹ bá kó gbogbo púrótọ́ọ̀nù inú ihò yẹn jọ, kò tó hóró gaàrí kan!"

"Ẹ gbọ́ ọ o! Gaàrí ni wọ́n ń kó!"

"Mo ní kò tó o! Kò tó hóró kan!"

"Bẹ́ẹ̀ náà ni bàbá Toheebat ṣe ń wí. Kóńgò ìrẹsì kan péré ló fi bẹ̀rẹ̀."

"Àwọn ìjọba ló pawọ́ pọ̀ gbẹ́ ihò náà, Màmá!"

"Ìjọba fúnra rẹ̀ wá ń ṣe fàyàwọ́?"

"Wọn ò ta nǹkan kan níbẹ̀! Kò sí olùrà, kò sí olùtà, kò sí èrè!"

Láti kékeré ni Màmá ti ń gbé létí bọ́dà, kò sì tíì gbọ́ ọ rí pé ẹnì kan ṣe fàyàwọ́ tí kò ní èrè.

"Ẹnikẹ́ni kú síbẹ̀ rí? Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́, o máa ń wọ inú ihò yẹn?"

"Ẹnikẹ́ni kì í sí níbẹ̀ tó bá ti ń ṣiṣẹ́. Ìdí kọ̀ǹpútà lèmi ń jókòó sí. Ewu tó wà nínú iṣẹ́ mi ò ju kí tíì dà sí mi lẹ́sẹ̀ lọ."

Màmá rọra jókòó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹ̀pà padà sínú igbá, Kòkúmọ́ sì ń bá a ṣà á. Ìgbà tó tún sọ̀rọ̀, kò gbójú sókè.

"Toheebat á bá ọ lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ó jìnnà."

"Ó jìnnà díẹ̀."

"Àwọn hóró rẹ yẹn, o ní wọn ò lè jáde. Tí èèyàn bá wá fi tipátipá fa ọ̀kan lọ?"

"Tí wọ́n bá wà nítòsí ara wọn, àtè yẹn á dẹ̀, kálukú á máa ṣe tirẹ̀. Bí ẹ bá ṣe fà wọ́n jìnnà tó ni ó ń le sí i."

"Òótọ́ ni. Nígbà tí Toheebat wà nílé, ojoojúmọ́ la ń jà lórí ìkòkò. Láti ìgbà tó ti lọ kàwé ní Aiyetoro, kò lè jẹun alẹ́ kó má pè mí." Màmá fẹ́ èèpo ẹ̀pà kúrò lọ́wọ́. "Tó bá wá jìnnà jù, tó já ńkọ́?"

"Kì í já lásán, Màmá. Ojú ibi tó bá ti já gan-an ni hóró tuntun ti ń yọ. Kò sí èyí tó ń ṣẹ́ kù lóun nìkan."

Màmá wo ọmọkùnrin náà títí. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ létí ẹnu rẹ̀.

"Hóró tuntun. Ìgbà wo lẹ̀yin méjèèjì fi í sí?"

Òógùn bo Kòkúmọ́. "Màmá, físíìsì ni mò ń sọ o!"

"Èmi náà, físíìsì ni mò ń sọ. Sọ fún àwọn ọ̀gá rẹ pé ọjọ́ tí mo bá dé láti wá wẹ ọmọ, kí wọ́n pa ẹ̀rọ yẹn. Ìkókó ò lè sùn níbi tí wọ́n ti ń fọ́ nǹkan."