Ìkòkò Èéfín Orí Bọ́ọ̀sì Alfa

Lọ́jọ́ ọjà Ìlaròó, Alfa Habeebullah ń wa bọ́ọ̀sì akérò rẹ̀ tó ń lo epo dísù bọ̀ láti Ìlobì. Inú bọ́ọ̀sì ṣófo bí ikùn alááwẹ̀, ṣùgbọ́n ìkòkò irin kan wà lórí káríà òrùlé rẹ̀, èéfín ń rú túú láti inú rẹ̀. Níbi tí igbó tíìkì ti fẹ́ parí, Ọ̀gbẹ́ni Olúdayọ̀, tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́ láti máa mú mọ́tò tó bá ń rú èéfín, fò bọ́ sójú títì, ó na ọwọ́ méjèèjì.

OLÚDAYỌ̀: Ẹ dúró! Ẹ dúró níbẹ̀! Ẹ pa iná!

ALFA: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Iná wo ni kí n pa, ti ìsàlẹ̀ àbí ti òkè?

OLÚDAYỌ̀: Alfa, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Láti ìdí afárá ni mo ti ń wo èéfín yín. Mo kọ́kọ́ rò pé oko ẹnìkan ló ń jó.

ALFA: Gbogbo àlejò ló máa ń rò bẹ́ẹ̀.

OLÚDAYỌ̀: Ẹ ò gbọ́ òfin tuntun lórí rédíò ni? Mọ́tò tí èéfín bá ń jáde lára rẹ̀ yóò san owó orí. Tí ó bá tún rú u lẹ́ẹ̀kejì, a ó fòfin dè é pátápátá, kò ní fẹsẹ̀ kan títì mọ́.

ALFA: Mo gbọ́. Mo tilẹ̀ sunkún sí i.

OLÚDAYỌ̀: Ẹ gbọ́, ẹ tún ń rú bí ilé ẹlẹ́ja?

ALFA: Mọ́tò mi kì í rú èéfín mọ́, ọ̀gá. Mo fi Ọlọ́run ṣe ẹlẹ́rìí.

OLÚDAYỌ̀: (ó na ìka sókè) Kí wá nìyẹn?

ALFA: Èéfín ni.

OLÚDAYỌ̀: Ẹ wò ó, Alfa...

ALFA: Mi ò lè tìtorí èéfín purọ́. Èéfín ni. Àmọ́ kì í ṣe ti mọ́tò. Mo kàn fi mọ́tò gbé e ni.

(Olúdayọ̀ fa ẹ̀rọ kékeré kan yọ nínú àpò, ó ki ọ̀pá rẹ̀ bọ ẹnu sàlẹ́ńsà tí èéfín mọ́tò ń gbà jáde. Ẹ̀rọ dákẹ́. Ó gbọ̀n ọ́n, ó tún kì í bọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ dákẹ́ bí ẹni tó wà lórí ìrun.)

OLÚDAYỌ̀: Kò lè rí bẹ́ẹ̀! Òkè òkun ni ẹ̀rọ yìí ti wá. Lánàá, mo kàn gbé e kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kadà ni, ó figbe ta.

ALFA: Bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́.

OLÚDAYỌ̀: Kì í rẹ ẹ̀rọ. Alfa, ìmọ̀ ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Wọ́n kọ́ wa fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Dísù tí kò bá jóná tán nínú ẹ́ńjìnnì, èérí dúdú ló ń dà. Èérí yẹn á wọ ẹ̀dọ̀fóró ọmọ aráyé, á tún gòkè lọ sánmà. Ojú ọ̀run gan-an ń gbóná nítorí yín.

ALFA: Nítorí èmi nìkan?

OLÚDAYỌ̀: Ẹ wà lára wọn.

ALFA: Mo mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ mi pọ̀. Mi ò mọ̀ pé ó ti débẹ̀ ṣáájú mi.

(Olúdayọ̀ gun àkàbà ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì, ó na ọ̀pá ẹ̀rọ sórí ìkòkò. Ẹ̀rọ han gooro. Àwọn ẹyẹ fò kúrò lórí igi tíìkì.)

OLÚDAYỌ̀: Ẹ gbọ́ ọ! Ẹ gbọ́ ọ o!

ALFA: Ìkòkò ló ń han mọ́, kì í ṣe mọ́tò.

OLÚDAYỌ̀: Òfin ní "lára mọ́tò". Ṣé orí ò sí lára ni?

ALFA: Tí ìyá kan bá gbé agbọ̀n ẹja yíyan wọ mọ́tò mi, tí ẹja náà ṣì ń rú, ta ni yóò san owó orí, èmi àbí ẹja?

OLÚDAYỌ̀: (ó ronú) Ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ wa ò dé orí ẹja.

ALFA: Ẹ rí i bí?

OLÚDAYỌ̀: Ẹ dúró ná! Owó orí mọ́tò là ń pè é. Orí mọ́tò sì ni èéfín wà. Ó bára mu wẹ́kú!

ALFA: Háà. Ìwé dára.

OLÚDAYỌ̀: (ó yọjú sínú ìkòkò, ó húkọ́) Kí lẹ ń sè gan-an?

ALFA: Ewé tíìkì tútù, lórí èédú.

OLÚDAYỌ̀: Ta ló ń jẹ ewé tíìkì?

ALFA: Kò sẹ́ni tó ń jẹ ẹ́. Ojú ni mò ń sè é fún.

OLÚDAYỌ̀: Ojú ta?

ALFA: Ojú èrò. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí n ṣàlàyé. Ìtìjú wà nínú ọ̀rọ̀ náà, àmọ́ ara mi ti mọ́ ọn. Láti ọjọ́ tí mo ti ra bọ́ọ̀sì yìí ló ti ń rú èéfín, dúdú kirimu. Àwọn àna mi kì í wọ̀ ọ́. Tí mo bá dúró sí ìlà ní mọ́sáláṣí, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi á rọra sún. Nígbà tí mo gbọ́ òfin yín, àyà mi já, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà pé: "Ọlọ́run, mú èéfín yìí kúrò lórí mi."

OLÚDAYỌ̀: Kò wá mú un kúrò.

ALFA: Ó mú un kúrò! Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mẹ́káníìkì kan wá kí àbúrò rẹ̀ láti Ayétòrò, ó rí mi, àánú mi ṣe é. Ó tú pọ́ǹpù dísù, ó fọ ẹnu tó ń tu dísù sínú ẹ́ńjìnnì, ó dì í padà. Èéfín pòórá. Mo forí kanlẹ̀ lẹ́bàá títì, mo dúpẹ́. Lọ́jọ́ kejì, mo gbéra ní Ìlobì. Mo dé ìdí òrombó, kò sẹ́nìkan. Mo dé ọ̀nà odò, kò sẹ́nìkan. Mo dé Ìlaròó, èmi àti kọ̀ńdọ́ mi jókòó, à ń wo ara wa.

OLÚDAYỌ̀: Àwọn èrò ńkọ́?

ALFA: Wọ́n wà lóko! Àwọn ará ọ̀nà yìí kì í dúró létí títì. Wọ́n á máa roko wọn lọ ní tiwọn. Tí èéfín mi bá ti yọ lórí igi tíìkì, wọ́n á ní, "Alfa ti dé ìdí afárá." Wọ́n á fọ ẹsẹ̀, wọ́n á di ẹrù, a ó sì pàdé lójú títì. Èéfín mi ni aago wọn. Ọlọ́run mú èéfín lọ, èrò bá a lọ.

OLÚDAYỌ̀: Ṣé ẹ ò ní fóònù ni?

ALFA: Níhìn-ín? Nẹ́tíwọ́ọ̀kì àwọn ará ìkọjá bodè ló ń wọlé síbí. Mo pe Màmá Toheebat, ọ̀kan nínú àwọn èrò mi, kí ó máa bọ̀, obìnrin kan dáhùn, ó fi Faransé kí mi, ó ní "bọ́ńjùù". Èmi náà ní bọ́ńjùù. A kí ara wa títí owó fi tán.

OLÚDAYỌ̀: Ẹ fọn fèrè mọ́tò nígbà náà.

ALFA: Fèrè mi dún bíi ti àwọn aṣọ́bodè. Ọjọ́ tí mo fọn ọ́n, gbogbo èrò ló sá wọ igbó. Ìyá kan tó ru ẹ̀fọ́ lásán da ẹ̀fọ́ nù, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

OLÚDAYỌ̀: Kí ló ń sá fún, tòun ti ẹ̀fọ́?

ALFA: Mo bi í. Ó ní òun rí i pé gbogbo èèyàn ń sá ni.

OLÚDAYỌ̀: Ẹ wá gbé iná sórí bọ́ọ̀sì. Ta ló fún yín nírú ọgbọ́n yẹn?

ALFA: Kò sẹ́ni tí mo lè dì í rù. Orí mi yìí náà ló ti jáde. Mùínátù ìyàwó mi ní, "Ẹ gbàdúrà kí èéfín lọ, ó lọ. Ìkòkò ìresì ọdún mi lẹ wá fi ń wá a padà."

(Ó yọ fìlà, ó fi nu ojú.)

ALFA: Ọ̀gá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀wé. Ṣé Ọlọ́run ò mọ̀ ni, pé èéfín àti èrò so mọ́ra, kó tó fà á já?

OLÚDAYỌ̀: Kò sí nínú ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ wa.

ALFA: Mo bi ara mi léèrè rẹ̀ lẹ́yìn ìrun. Ẹ̀rù bà mí, mo tọrọ àforíjì. Nígbà tí mo tọrọ àforíjì tán, mo wẹ̀yìn, ìbéèrè náà ṣì jókòó síbẹ̀. Látìgbà náà ni mo ti ń ṣọ́ ẹnu mi. Àdúrà kan tún wà nílẹ̀, mi ò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè gbà á.

OLÚDAYỌ̀: Àdúrà kí ni?

ALFA: Kọ̀ńdọ́. Ti tẹ́lẹ̀ ti sọdá bodè lọ nígbà tí kò rí èrò tí yóò máa pè mọ́. Kó tó lọ náà, tó bá ti rí aláṣẹ lójú títì, igbó ló ń fò sí. Ẹni tó mọ̀wé ni mo fẹ́, tí aṣọ rẹ̀ mọ́, tí kò ní máa sá fún aláṣẹ. Àmọ́ mo ń bẹ̀rù ohun tí yóò tẹ̀ lé e wá.

OLÚDAYỌ̀: Ẹ ò wá gbà á?

ALFA: Mo gbà á láàárọ̀ yìí. Jẹ́jẹ́ ni. Mo ṣe é bí ẹni tó kàn ń sọ̀rọ̀.

OLÚDAYỌ̀: Ó tó gẹ́ẹ́! Iṣẹ́ ìjọba ni mo wá ṣe, mi ò wá gbọ́ wáàsí. Mò ń gbé bọ́ọ̀sì yìí lọ sí ọ́fíìsì wa ní Ìlaròó. Kò ní kúrò níbẹ̀ títí ẹ ó fi san owó orí ìkòkò yẹn.

ALFA: Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá! Bọ́ọ̀sì míì ò ná ọ̀nà yìí. Òun ni oko mi, òun náà ni ṣọ́ọ̀bù mi. Ọjà ń lọ lọ́wọ́ báyìí, tòmátì àwọn èèyàn ń rà lóko. Tí ẹ bá tì í mọ́lẹ̀ lónìí, kí ni mo fẹ́ gbé délé?

OLÚDAYỌ̀: Òfin ò mọ tòmátì.

ALFA: Kí lẹ máa fi wọ́ ọ lọ? Mọ́tò tiyín dà?

OLÚDAYỌ̀: (ó wo ilẹ̀) Ó wà lọ́dọ̀ mẹ́káníìkì.

ALFA: Kí ló ṣe é?

OLÚDAYỌ̀: Kò kàn yín.

ALFA: Ẹ má bínú.

OLÚDAYỌ̀: (kẹ́lẹ́) Èéfín ni.

(Atẹ́gùn ò fẹ́. Èéfín ìkòkò dúró gangan lókè igi tíìkì bí òpó.)

ALFA: Mo mọ mẹ́káníìkì kan ní Ayétòrò...

OLÚDAYỌ̀: Ẹ fi mí sílẹ̀! (Ó ta gìrì.) Alfa, kí ló ń mi ewé lọ́hùn-ún?

ALFA: Níbo?

OLÚDAYỌ̀: Lápá ọ̀tún. Lápá òsì náà! Èèyàn ni wọ́n! Wọ́n mú àdá dání!

ALFA: Àdá oko ni.

OLÚDAYỌ̀: Wọ́n ti pọ̀ jù! Ẹ ránṣẹ́ pè wọ́n ni? Alfa, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n, owó oṣù àkọ́kọ́ gan-an ni mi ò tíì gbà!

ALFA: Mi ò ránṣẹ́ sẹ́nìkankan... Háà! Ọ̀gá, èéfín ni! Wọ́n rí i pé ó dúró sójú kan. Wọ́n ń retí kó máa bọ̀, kò bọ̀. Wọ́n bá ní káwọn kúkú lọ bá a.

(Wọ́n ń tú jáde láti oko, tàwọn ti apẹ̀rẹ̀ tòmátì, àpò láfún, ata àti ẹyin. Màmá Toheebat ló ṣáájú. Ó ń ké bọ̀ pé: "Alfa, kí ló dá yín dúró? A fọ ẹsẹ̀ títí, omi tán!" Kí Alfa tó dáhùn, bọ́ọ̀sì ti ń kún.)

OLÚDAYỌ̀: (ó ń wo ìkòkò, ó ń wo èrò) Ẹ dúró ná. Ìkòkò yìí ò rìn. Èrò sì wá?

ALFA: Wọ́n wá. Wọ́n tún pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

OLÚDAYỌ̀: Kí ló ń ṣe lórí mọ́tò nígbà náà? Ẹ gbé e sílẹ̀ lẹ́bàá títì! Ìkòkò tó wà nílẹ̀ kì í ṣe mọ́tò. Òfin mi ò dé ìdí ààrò ẹnìkan.

ALFA: Kò ní gba owó orí mọ́?

OLÚDAYỌ̀: Orí dà níbẹ̀?

ALFA: Ojú ọ̀run tó ń gbóná ńkọ́?

OLÚDAYỌ̀: Ọ́fíìsì míì ló ni ìyẹn. Mo sọ fún yín pé ìmọ̀ ni mo fi ń ṣiṣẹ́.

ALFA: Òótọ́ ni. Ohun tí ìbá dúró sílẹ̀ jẹ́jẹ́, èmi ló lọ rù ú, tí mò ń bá a sáré kiri. Orí àgbà!

(Wọ́n jọ sọ ìkòkò kalẹ̀. Olúdayọ̀ kò tíì nu ọwọ́ rẹ̀ tán tí Màmá Toheebat fi gbé apẹ̀rẹ̀ kan lé e lọ́wọ́: "Kọ̀ńdọ́ tuntun, o káre. Rọra o, ẹyin ni." Olúdayọ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó gbé ẹyin dání kì í jà. Ó gbé e wọlé. Wọ́n tún gbé òmíràn fún un.)

OLÚDAYỌ̀: Alfa, ẹ jẹ́ kí n bá yín dé Ìlaròó. Níbo ni kí n jókòó sí?

ALFA: Wọ́n ti jókòó tán o, ọ̀gá. Ẹnu ọ̀nà nìkan ló kù. Ẹ fi ẹsẹ̀ kan lélẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ di irin òkè mú.

(Bọ́ọ̀sì gbéra, kò rú èéfín rárá. Aṣọ funfun Olúdayọ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Níbi tí ọ̀nà ti ṣẹ́ kọ́rọ́, bàbá kan sáré jáde láti inú ẹ̀gẹ́, ó ń juwọ́. Olúdayọ̀ fọwọ́ gbá ara mọ́tò kó tó mọ ohun tó ń ṣe.)

OLÚDAYỌ̀: Ó wà o! Ìlaròó! Ìlaròó ẹnìkan! Bàbá, ẹ mú ṣéńjì lọ́wọ́ o! (Ó yíjú síwájú.) Alfa, kí lẹ ń dá sọ níbẹ̀?

ALFA: Ọpẹ́ ni mò ń dá, ọ̀gá. Mo ní kí Ọlọ́run fún mi ní kọ̀ńdọ́ tí kò ní máa sá fún aláṣẹ. Mi ò mọ̀ pé aláṣẹ gan-an ló máa fi ránṣẹ́.