Ẹlẹ́dẹ̀ Aling Purita àti Òfin tí Mang Crisanto Gbé Pamọ́

Ẹjọ́ tó dé ààfin wa lánàá kì í ṣe ẹjọ́ ilẹ̀, kì í sì í ṣe ẹjọ́ ìyàwó. Ẹjọ́ káàdì ni. Ààfin tí mo ń wí ni gbọ̀ngàn kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, èyí tí ìjì gbé ìdajì òrùlé rẹ̀ lọ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Kapitan Herminio, olórí àdúgbò wa, jókòó sábẹ́ ìdajì tó kù. Àwọn àgbà ìgbìmọ̀ jókòó sínú oòrùn. Èmi ni mo ń kọ̀wé.

Aling Purita, opó tó ń fọṣọ fún èèyàn, ló pẹjọ́. Aling là ń pe obìnrin tó ti dàgbà níbí, Mang sì ni ti ọkùnrin. Ẹni tó pè lẹ́jọ́ ni Mang Crisanto, tó fi ọdún méjìlá se oúnjẹ nínú ọkọ̀ ojú omi, tó sì gbé eré káàdì kan tí wọ́n ń pè ní Omaha bọ̀ wálé. Abo ẹlẹ́dẹ̀ kan ni wọ́n ń jà lé lórí. Ó lóyún. Wọ́n so ó mọ́ òpó ààfin kí ẹnikẹ́ni má baà fà á lọ kí ìdájọ́ tó dé.

Kapitan ní kí Aling Purita ro ẹjọ́ rẹ̀.

Ó ní ibi òkú Lolo Isko, bàbá arúgbó kan ládùúgbò wa, ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Kapitan kì í gba káàdì láyè ní àdúgbò wa àfi níbi tí òkú bá wà nílẹ̀. Ọmọ Lolo Isko ń bọ̀ láti Dubai, kò tètè rí ààyè, ni òkú bá wà nílẹ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlá. Bí Mang Crisanto ṣe rí ọjọ́ mọ́kànlá, ó dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí. Adìyẹ kọ̀ọ̀kan lowó ilé-ẹ̀kọ́.

"Kí ló kọ́ ọ?" Kapitan bi í.

"Ó ní káàdì mẹ́rin lọ́wọ́ kálukú, márùn-ún láàrin fún gbogbo ayé. Ó ní kí n kó márùn-ún tó dára jọ. Ibẹ̀ ló dúró sí, Kapitan."

"O ò bi í bóyá ó kù?"

"Mo bi í. Ó ní adìyẹ mi ò sanra tó bẹ́ẹ̀."

Ó ní lọ́jọ́ kọkànlá, kí wọ́n tó gbé òkú jáde, Mang Crisanto ní ìdánwò ti yá, kí kálukú fi ohun tó tó nǹkan lélẹ̀. Mang Crisanto fi alùpùpù rẹ̀ lélẹ̀. Aling Purita fi ẹlẹ́dẹ̀ lélẹ̀. Aṣọ ọ̀sẹ̀ mọ́kànlélọ́gọ́ta ló fọ̀ kó tó ra ẹlẹ́dẹ̀ yẹn, agbọ̀n kan lọ́jọ́ Ajé, agbọ̀n kan lọ́jọ́bọ̀. Jovelyn, ọmọ rẹ̀ obìnrin, fẹ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì lóṣù kẹjọ. Àwọn ọmọ tí ẹlẹ́dẹ̀ náà bá bí ni wọ́n fẹ́ tà láti fi rán an lọ.

"Kí wá ló kó sí ọ lórí?"

"Káàdì ọlọ́kàn mẹ́rin, àwọn tí wọ́n ya ọkàn pupa sí, ló wà láàrin. Ọlọ́kàn tó ga jù lọ wà lọ́wọ́ mi. Ọlọ́kàn márùn-ún pé. Ọba mẹ́ta péré ni tiẹ̀. Kapitan, ẹ̀yin náà á fi ẹlẹ́dẹ̀ ta á."

Kapitan wúkọ́. Ó ní kí n má kọ ìyẹn sílẹ̀.

"Mo ti jókòó sórí alùpùpù nígbà tí Crisanto ní, 'Aling Purita, sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Òfin kan kù.' Ó ní méjì gẹ́lẹ́ ni mo gbọ́dọ̀ mú nínú mẹ́rin ọwọ́ mi, kó má lé kan, kó má dín kan, kí n wá mú mẹ́ta láàrin. Ọlọ́kàn kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ mi. Ló bá tú okùn ẹlẹ́dẹ̀ mi."

Mang Doro, tó dàgbà jù nínú ìgbìmọ̀, bínú. Ó ní láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lòun ti ń ta pusoy, eré káàdì ilé wa. Mẹ́tàlá ni wọ́n ń fún èèyàn, mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá lèèyàn ń lò. Eré wo ni wọ́n á ti fún ọ ní mẹ́rin, kí wọ́n ní kó o sọ méjì nù? Ó ní ìrẹsì lásán, òun kì í ṣẹ́ ẹ kù sínú àwo. Ọ̀pọ̀ nínú wa mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, torí pusoy la bá nílé.

Ó kan Mang Crisanto.

"Kapitan, mi ò purọ́. Òfin yẹn ti wà kí wọ́n tó bí mi."

"Kí ló dé tí o ò sọ ọ́ lọ́jọ́ kìíní?"

"Ta ló sọ ọ́ fún èmi lọ́jọ́ kìíní? Aago ọwọ́ mi ni mo fi ra òfin àkọ́kọ́ nínú ọkọ̀. Bàtà mi ni mo fi ra ìkejì. Òfin méjì gẹ́lẹ́ yìí, owó oṣù mẹ́fà ló gbà lọ́wọ́ mi. Láti Singapore dé Rotterdam, ẹsẹ̀ lásán ni mo fi ń se ọbẹ̀. Ṣé kí n wá sọ ọ́ fún un lọ́fẹ̀ẹ́? Ẹ tiẹ̀ wò ó, Kapitan, kò ní gbàgbé ẹ̀ mọ́ láéláé. Olùkọ́ ìjọba wo ló lè fọwọ́ sọ̀yà bẹ́ẹ̀?"

"Ìyẹn ni pé ẹlẹ́dẹ̀ yìí náà, owó ilé-ẹ̀kọ́ ni?"

"Mo tiẹ̀ ṣe ẹ̀dínwó fún un."

Mang Teban apẹja jáde láti jẹ́rìí fún un. Ó ní etí òun báyìí ni Crisanto ṣe sọ òfin náà lọ́jọ́ kìíní, nígbà tí wọ́n ń pín bisikíìtì. Aling Purita rán an létí pé ojú omi ló wà títí di ọjọ́ kẹrin. Mang Teban ní atẹ́gùn ló gbé ohùn náà dé ọ̀dọ̀ òun.

"Ó dáa. Sọ òfin náà ká gbọ́."

"Mẹ́ta láti ọwọ́, méjì láti àárín."

Mang Crisanto di ojú rẹ̀.

"Teban, kí ló ṣèlérí fún ọ?"

"Kò ṣèlérí kankan, Kapitan. Ó kàn ní òun á sọ èyí tó kù fún mi ni."

"Ó tún ku òmíràn?"

Gbogbo ojú yí sí Mang Crisanto. Òun ń wo òrùlé tí kò sí níbẹ̀.

Aling Luming, tó ń dín ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ló yẹ kó gbe Aling Purita lẹ́sẹ̀. Ó ní òun mọ òfin náà láti ọjọ́ kejì. Mang Crisanto ló sọ ọ́ fún òun, lẹ́yìn tó ti fi káàdì jẹ páànù ìdín-nǹkan mọ́ òun lọ́wọ́: mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọwọ́ lèèyàn gbọ́dọ̀ lò.

"Luming, ògiri kan ló pààlà ilé ìwọ àti Purita. Kí ló dé tí o ò sọ fún un?"

"Kapitan, páànù mi ni mo fi rà á. Kí òun náà lọ ra tiẹ̀."

Ìgbìmọ̀ kó káàdì náà wọ yàrá ẹ̀yìn láti yẹ ẹ̀rí wò. Wọ́n lò tó wákàtí kan. Nígbà tí wọ́n jáde, aago Mang Doro ti wà lọ́wọ́ Kapitan.

"A ti dán òfin méjì gẹ́lẹ́ náà wò," Kapitan wí. "Òótọ́ ni. Crisanto, ìwọ lo jẹ."

Mang Crisanto dìde, ó kọjú sí òpó.

"Jókòó. Mi ò tíì parí. Òfin tí ìwọ nìkan mọ̀, àṣírí ni, o ò sì ní fi àṣírí gba ẹlẹ́dẹ̀ opó ní àdúgbò tèmi. Ẹlẹ́dẹ̀ ń padà lọ sílé. Ṣùgbọ́n Jovelyn ni kó máa di okùn ẹ̀ mú. Purita, bí mo bá gbọ́ pé ọwọ́ rẹ kan okùn yẹn níbi òkú, ìwọ ni mo máa so mọ́ òpó."

Aling Purita ní òun gbà. Jovelyn ti ń tú okùn kó tó sọ ọ́ tán.

"Ó ku ìwọ, Crisanto. Wàá kọ gbogbo òfin tó kù sára ògiri ààfin yìí, ní lẹ́tà gàdàgbà. Títí wàá fi kọ ọ́ tán, eré rẹ la máa ta nílé rẹ. Ohun ìní rẹ márùn-ún yóò wà láàrin, fún gbogbo ayé láti lò: alùpùpù, fíríìjì, fáànù, ẹ̀rọ tó o fi ń kọrin dí wa lọ́wọ́ oorun, àti ibùsùn tó o so sábẹ́ igi. Nínú gbogbo ohun tó bá kù, méjì gẹ́lẹ́ ni wàá mú lọ́wọ́. Kó má lé kan, kó má dín kan."

Felisa, ìyàwó Mang Crisanto, dìde lẹ́yìn.

"Kapitan, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo wà nínú méjì yẹn?"

Kapitan ní ọkọ rẹ̀ ló ń ta eré yìí, òun ni kó dáhùn.

Mang Crisanto wo ìyàwó rẹ̀. Ó wo ṣòkòtò ara rẹ̀. Ó ka ìka díẹ̀, ó dúró, ó tún un kà.

"Ìkòkò ìrẹsì ńkọ́, Kapitan?" ó bèèrè. "Ṣé a ka ìyẹn náà mọ́ ọn?"

Felisa kò dúró gbọ́ èsì. Ó jáde, ó gun alùpùpù tó ti di ti gbogbo ayé, ó sì wà á lọ sílé ìyá rẹ̀. Kapitan tẹ́tí títí ariwo rẹ̀ fi lọ tán lọ́nà. Ó wá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ará àdúgbò ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo ti àárín.