Adìẹ Ìyá Fádérera Lórí Okùn Káńsù

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ṣé ẹ mọ ohun tó dé tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ? Ẹ má dá mi lóhùn. Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ sọ pé okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí ni. Irọ́ ni! Okùn aṣọ wo? Okùn tí wọ́n fi fa bọ́ọ̀sì káńsù ni, ẹni tó ṣojú ẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi. Ẹni tó bá ní òun mọ̀ jù mí lọ, kó dìde kó wá sọ tiẹ̀.

Ní ìlú Agbẹ́dẹ-Òkè, epo mọ́tò wọ́n débi pé àwọn èèyàn ń fẹsẹ̀ rin ìrìn tó yẹ kí wọ́n wọkọ̀. Dírẹ́bà kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Láyíwọlá. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, kì í bá ẹnikẹ́ni fa wàhálà, ṣùgbọ́n ọ̀wọ́n epo ti sọ ọ́ di ẹni tó ń jókòó sílé, tó ń bá ìyàwó ẹ̀ ṣa ẹ̀wà. Ìgbà tó yá ni Alága káńsù àti Ìyá Fádérera, obìnrin tó ní oko adìẹ tó tóbi jù nílùú náà, bá pawọ́ pọ̀. Wọ́n ní ìgbẹ́ adìẹ máa ń di gáàsì tí a bá pò ó mọ́ omi nínú táńkì tí a dé pa, gáàsì náà sì lè gbé mọ́tò rìn. Ìyá Fádérera á máa kó ìgbẹ́ wá, káńsù á pèsè táńkì, wọ́n á sì gba bọ́ọ̀sì lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀. Láyíwọlá ni wọ́n mú ṣe dírẹ́bà. Inú ọkùnrin náà dùn dé ẹ̀yìn.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, ìjọba ò tíì fún wọn ní bọ́ọ̀sì yẹn pátápátá. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá wò ó ní gbàgede ọjà. Tí kò bá tíì débẹ̀ títí àwọn fi fẹ́ máa lọ, ìlú mìíràn làwọn máa gbé e fún. Bí bọ́ọ̀sì bá lọ, iṣẹ́ Láyíwọlá lọ nìyẹn.

Àdéhùn tó wà láàárín àwọn méjèèjì náà ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, kí ẹ má baà máa wò mí bí ẹni tí wọ́n fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kí. Tẹ́lẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ káńsù máa ń wá yẹ adìẹ wò lóko Ìyá Fádérera, adìẹ tí wọ́n bá sì yẹ̀ wò kì í padà sínú àgò mọ́. Ìyá bá ní òun ò ní bá wọn ṣe nǹkan kan pọ̀ àfi tí wọ́n bá búra pé òṣìṣẹ́ káńsù kankan ò ní fọwọ́ kan adìẹ òun. Inú bí Alága. Ó ní, "Ó dáa náà! Ará oko adìẹ kankan ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ohun tó jẹ́ ti káńsù!" Wọ́n búra níwájú ọba, wọ́n jẹ obì lé e, gbogbo ìlú sì pàtẹ́wọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ tí àlejò ń bọ̀, Láyíwọlá débi táńkì láti gba gáàsì. Ó ṣí ẹnu ẹ̀. Kò gbọ́ ṣíì, kò gbọ́ ṣòò. Ó fimú sí i, ibẹ̀ ń ta sánsán bí ilé ìwòsàn. Bàbá wolé-wolé, ẹni tí káńsù fi ṣe olórí ìmọ́tótó, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Àlejò ń bọ̀, ibẹ̀ ń rùn, kí ni kí n máa wò? Láti ìjẹta ni mo ti ń da oògùn ṣáláńgá sí i. Kòkòrò kan ò yè níbẹ̀ mọ́!"

Láyíwọlá káwọ́ lérí. "Yéè! Bàbá, àwọn kòkòrò yẹn ló ń sọ ìgbẹ́ di gáàsì o!"

"Kòkòrò ló ń wa mọ́tò? Láyíwọlá, ṣé o jẹun láàárọ̀ yìí ṣá?"

Àwọn àgbà ìlú ti jókòó sínú bọ́ọ̀sì kí ìjọba lè rí èrò. Alága àti Ìyá Fádérera ti ṣáájú lọ sí gbàgede láti pàdé àlejò. Kí ni Láyíwọlá fẹ́ ṣe? Ọlọ́run ló ní kí katakata oko adìẹ yọ lọ́ọ̀ọ́kán. Ràímì, ọ̀kan lára àwọn òṣìṣẹ́ oko náà, ló ń wà á, adìẹ funfun ńlá kan tí Ìyá fẹ́ fi ta àlejò lọ́rẹ wà lẹ́yìn ẹ̀. Láyíwọlá bẹ̀ ẹ́ kó fa àwọn lọ, Ràímì gbà. Láyíwọlá mú okùn káńsù, ó so katakata pọ̀ mọ́ bọ́ọ̀sì. Ràímì ò fọwọ́ kan okùn náà rárá, ìka ló fi ń júwe ibi tó yẹ kó so ó sí.

Àfi gìrì tí katakata ta gìrì! Ìdè ẹsẹ̀ adìẹ já, ó fò fìrì, ó bà sáàárín okùn.

Láyíwọlá ní, "Ràímì, ẹ gbé adìẹ yín kúrò."

"Ó ti fi èékánná di okùn mú. Bí mo bá fa adìẹ, mo fa okùn káńsù nìyẹn. Ìwọ gbé e."

"Èmi òṣìṣẹ́ káńsù? Kí n fọwọ́ kan adìẹ Ìyá Fádérera lónìí tí mo ń wá ojúure?"

Bàbá arúgbó kan nínú bọ́ọ̀sì ní òun á gbé e. Ràímì ní, "Ẹ má bínú o, bàbá, ti ta lẹ̀yin ń ṣe? Ti káńsù ni àbí ti oko adìẹ?" Bàbá ronú, ó ronú, kò mọ ti ta lòun ń ṣe. Ó rọra padà jókòó.

Láyíwọlá pe Alága lórí fóònù. Alága bi í pé, "Adìẹ wa ni àbí tiwọn?"

"Tiwọn ni, sà."

"Má fọwọ́ kàn án o!"

Ìyá Fádérera já fóònù gbà. "Sọ fún Ràímì kó má fọwọ́ kan okùn wọn o! Kí ẹ sì máa bọ̀ kíákíá, àlejò ti ń wo aago."

Bí wọ́n ṣe gbéra nìyẹn. Tí katakata bá fà, okùn á le, adìẹ á ṣe gbọ̀ngbọ̀n, á na apá, okùn náà á máa mì jìgìjìgì. Tí wọ́n bá dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, bọ́ọ̀sì á sún mọ́ katakata, okùn á dẹ̀, ìdí adìẹ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, á figbe ta. Ràímì á gbọ́ igbe, á sáré fà, okùn á tún le! Láyíwọlá ń tẹ bíréèkì, òógùn bò ó. Àwọn àgbà tó wà lẹ́yìn ń pariwo, àwọn kan ní "Rọra!", àwọn kan ní "Yára!" Kò mọ èyí tí ì bá gbọ́.

Wọ́n dé gbàgede bí àwọn àlejò ṣe ń wọ ọkọ̀ wọn. Ọ̀gá wọn, obìnrin kan tó wọ awò, sọ̀ kalẹ̀ padà.

"Alága, kí ni katakata ń ṣe níwájú bọ́ọ̀sì?"

"Ó ń… ó ń sin adìẹ wá ni, mà."

"Adìẹ wá ńkọ́?"

Ìyá Fádérera dá sí i. "Òun ló ni epo, mà."

"Ṣé adìẹ ló ń fa bọ́ọ̀sì ni?"

Adìẹ yàgbẹ́ sórí okùn. Alága nàka sí i: "Epo náà nìyẹn, mà! Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde!" Àwọn kan pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n kí ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ sí? Àwọn náà ò mọ̀.

Ọ̀gá yíjú sí Láyíwọlá. "Dírẹ́bà, sọ òótọ́ fún mi. Kí ló gbé bọ́ọ̀sì yìí débí?"

Bí Láyíwọlá bá ní katakata ni, bọ́ọ̀sì lọ. Tó bá ní gáàsì ni, irọ́ ni. Alága ń ṣẹ́jú sí i, Ìyá ń yọ ojú sí i. Orí ẹ̀ dàrú pátápátá. Ó ní, "Mà, n ò mọ ohun tó gbé wa wá mọ́. Ohun tí mo fojú mi rí ni pé adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú. Ó ní nínú gbogbo àjọṣe ìjọba àti oníṣòwò tí òun ti yẹ̀ wò, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó yé òun nìyẹn. Ó ní, "Bọ́ọ̀sì ò lọ sí ìlú mìíràn mọ́. Ṣùgbọ́n láti òní lọ, dírẹ́bà yìí jẹ́ ti káńsù, ó sì jẹ́ ti oko adìẹ. Òun nìkan ló lè fọwọ́ kan ohun gbogbo." Láyíwọlá dọ̀bálẹ̀ gbalaja, omi ayọ̀ bọ́ lójú ẹ̀. Òun náà ló sì gbé adìẹ kúrò lórí okùn.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ tán tí Alága fi pè é pé kó wá fọ táńkì. Bó ṣe gbé búrọ́ọ̀ṣì, Ìyá Fádérera pè pé ta ló fẹ́ kó ìgbẹ́ òun? Ó kó ìgbẹ́, Alága ní ó pẹ́. Ó sáré dé káńsù, Ìyá ní ó ti gbàgbé òun. Bàbá wolé-wolé pàdé ẹ̀ lọ́nà, ó ní ó ń rùn.

Nígbà tó délé, ìyàwó ẹ̀ bi í pé, "Olówó orí mi, iṣẹ́ ńkọ́?"

Ó ní, "Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ."

Ìyàwó ní, "Mo ti gbọ́. Nínú méjèèjì, èwo wá ni ìwọ?"

Láyíwọlá ronú títí oúnjẹ fi tutù. Títí di òní, ẹ lọ bi í, kò tíì mọ̀ bóyá òun ni okùn tàbí òun ni adìẹ; ohun tó mọ̀ ni pé ara ò rọ òun. Nítorí náà, ẹni tó bá tún dárúkọ okùn aṣọ létí mi, á jẹ̀bi. Adìẹ bà lókùn ní Agbẹ́dẹ-Òkè, ẹ̀yin èèyàn mi: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ!