Ìṣẹ́jú Méjì Níwájú Ìgbìmọ̀ Ilé-Ìwé

Mo ti sa gbogbo agbára mi láti gbàgbé ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà kọ̀, kò tán lọ́kàn mi. Bí mo bá jókòó jẹ́jẹ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, tí ẹnì kan bọ́ síwájú láti ṣe ìkéde, ara mi á ṣàdédé gbóná, n ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà mi. Ìyàwó mi á fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́, á máa rẹ́rìn-ín sínú. Ó mọ ohun tí mo ń rántí. Gbogbo àdúgbò wa náà mọ̀ ọ́n, torí pé ojú wọn ló ṣe.

Ọ̀rọ̀ ilé-ìwé ọmọ wa ló fà á. Apá Loganville nílẹ̀ Amẹ́ríkà là ń gbé, níbi tí ilé tuntun ti ń hù lójoojúmọ́ bí olú. Ó dà bíi pé kò sí ẹni tó rántí pé àwọn tó ń ra ilé máa ń bímọ. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí Mofẹ́, ọmọ wa obìnrin, ń lọ wá kún dẹ́nu. Wọ́n gbé trailer, ilé onítáyà tí wọ́n ń fi ọkọ̀ fà, sórí pápá tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré, wọ́n sọ ọ́ di kíláàsì. Yàrá ìjẹun ò gba èrò mọ́, débi pé aago mẹ́wàá àárọ̀ ni kíláàsì Mofẹ́ ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán. Nígbà tí ìyá ìyàwó mi, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, gbọ́ èyí, ó ní, "Ẹ ṣáà pè é ní oúnjẹ àárọ̀, kí ọkàn gbogbo yín balẹ̀."

Wọ́n kọ́ ilé-ìwé tuntun sí òdìkejì títì ńlá. Ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ilé-ìwé wá ní àwọn máa tún ààlà yà, kí àwọn àdúgbò kan lè kó ọmọ wọn lọ síbẹ̀. Nígbà tí máàpù náà dé orí fóònù wa, ìlà pupa kan gba ẹ̀yìn ilé wa kọjá. Àdúgbò wa àti àdúgbò kejì tó wà lápá òkè ni ọ̀rọ̀ kàn, a sì gbọ́ pé ọ̀kan nínú àwa méjèèjì ló máa lọ. Ká tó ṣẹ́jú pẹ́, ó ti dogun. Àwọn tí wọn kì í kí ara wọn tẹ́lẹ̀ wá ń bú ara wọn lórí fóònù bí ọmọ ìyá tó ń pín ogún.

Àwọn kan ń jà kí iye owó ilé wọn má baà wálẹ̀, àwọn kan nítorí pé ọmọ wọn ò fẹ́ fi ọ̀rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Nítorí Màmá, ìyá ìyàwó mi, ni mo ṣe ń jà ní tèmi. Nígbà tó kọ́kọ́ ti Abẹ́òkúta dé, inú rẹ̀ ò dùn rárá. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi, shift ò sì jẹ́ kó gbélé. Èmi ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan lápá West End, ojú títì ni mo ti ń lo ìdajì ayé mi. Màmá á jókòó láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, á máa wo ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kì í gbà. Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn lọ mú Mofẹ́ níléèwé ni ara rẹ̀ tó yá. Á múra, á wé gèlè, á ti dé ẹnu géètì kí wọ́n tó jáde. Àwọn olùkọ́ mọ̀ ọ́n, àwọn ìyá àgbà yòókù ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Tí wọ́n bá ń bọ̀ nílé, Yorùbá ni òun àti Mofẹ́ ń sọ, torí Màmá ní òyìnbó tòun ò lè rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó wá gbọ́ pé bọ́ọ̀sì ni yóò máa gbé ọmọ wá sẹ́nu ilé láti ilé-ìwé tuntun, ó tú gèlè orí rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Tí bọ́ọ̀sì bá ti ń gbé ọmọ délé, kí ni mo tún ń ṣe níbí? Ẹ bá mi wo tikẹ́ẹ̀tì." Bí Màmá bá lọ, ilé wa tú nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò sì ní bá Mofẹ́ sọ Yorùbá mọ́ ju èmi tí mò ń ti iṣẹ́ dé pẹ̀lú oorun lójú.

Ìgbìmọ̀ náà kéde ìpàdé kan, wọ́n ní òbí tó bá fẹ́ lè wá sọ tẹnu rẹ̀. Àwọn ará àdúgbò wa ní kí á yan ẹni tó lẹ́nu. Kí n má parọ́, èmi ni mo yan ara mi. Èmi ni mo máa ń darí ètò ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, bí maikirofóònù bá sì ti bọ́ sí mi lọ́wọ́, wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ jà kí n tó dá a padà. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìyàwó mi pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Daddy Mofẹ́, two minutes péré ni wọ́n máa ń fún èèyàn o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ straight to the point."

"Fi mí sílẹ̀, jàre. Ṣé ìgbà àkọ́kọ́ tí n ó sọ̀rọ̀ láwùjọ nìyí?"

"Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù," ló wí, ó sì gba ibi iṣẹ́ lọ.

Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ dá mi dúró nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí mo fi dé gbọ̀ngàn, ó ti kún bámúbámú. Àga kan ṣoṣo ni mo rí, mo bá jókòó. Obìnrin kan tó jù mí lọ lọ́jọ́ orí, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní Miss Denise lòun. Ó fún mi ní súìtì minti, ó sì na páálí kan sí mi. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, mo tún tẹrí ba díẹ̀, torí pé wọn ò kọ́ mi láti kọ ohun tí àgbà bá fún mi. Ìgbà tí mo wo ohun tó wà lára páálí ni mo rí i pé àárín ọ̀tá ni mo jókòó sí. Orúkọ àdúgbò tòkè ni wọ́n kọ síbẹ̀ gàdàgbà, pé kí ẹnikẹ́ni má ṣí wọn nídìí. Kí n tó ronú ibi tí n ó gbé e sí, wọ́n ti pe orúkọ mi.

Mo dìde, mo tún táì mi ṣe, mo sì gba iwájú lọ tòun ti páálí ọ̀tá lọ́wọ́. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́ fún mi dáwọ́ dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀gbẹ́ni tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa di orí mú. Ìgbà tí mo dé ìdí maikirofóònù ni mo tó yára ki páálí náà bọ abẹ́ kóòtù mi, ó wá yọ ikùn fún mi.

Mo bẹ̀rẹ̀ bí wọ́n ṣe tọ́ mi dàgbà. Òyìnbó ni mo sọ, ṣùgbọ́n ìkíni ilé wa ni. Mo kí màdáámù alága, mo kí igbákejì rẹ̀, mo kí akọ̀wé, mo kí àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ níkọ̀ọ̀kan. Mo kí àwọn olùkọ́ fún wàhálà ọmọ wa. Mo kí ọlọ́pàá tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo kí àwọn tó ti ọ̀nà jíjìn wá, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó dá ẹ̀mí gbogbo wa sí. Iná kékeré kan wà lórí tábìlì wọn, àwọ̀ ewé ló kọ́kọ́ jẹ́. Nígbà tó di yẹ́lò, mo rò pé ọ̀rọ̀ mi ló ń dùn mọ́ wọn, mo bá kí àwọn tó ń wò wá láti ilé pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà ni mo mí kanlẹ̀, mo ní, "Ní báyìí, ohun tó gbé mi wá gan-an ni pé..." Iná di pupa, aago dún, maikirofóònù kú.

Màdáámù alága rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ ṣé gan-an, sà. Inú wa dùn sí ọ̀rọ̀ rere yín. Ẹni tó kàn."

"Mi ò tíì sọ nǹkan kan," ni mo wí.

"Àkókò yín ti pé, sà."

Màmá àti tikẹ́ẹ̀tì ni mo ń rí lójú mi. Bàbá mi máa ń sọ fún mi ní kékeré pé bí ẹnu bá kùnà níwájú àgbà, kí ọkùnrin fi àyà kanlẹ̀. N kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìgbìmọ̀, tòun ti kóòtù àti táì, imú mi kan kápẹ́ẹ̀tì.

Nílé wa, bí àgbàlagbà ọkùnrin bá dọ̀bálẹ̀ báyìí, àwọn èèyàn á tètè ní kó dìde, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ ti tán. Mo wà nílẹ̀, mo ń retí kí wọ́n ní kí n dìde. Igbe ni mo gbọ́, pé ọkùnrin yìí ti dákú. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n pe 911. Àga ń ṣubú lura wọn. Mo fẹ́ gbórí sókè kí n ṣàlàyé, ọwọ́ kan ti dá orí mi padà sílẹ̀.

"Ẹ má mira, sà. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe." Miss Denise ni. Ó yí mi padà bí ẹni yí dòdò, ó fa páálí yọ lábẹ́ kóòtù mi, ó tú táì mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ mí láyà.

"Mò ń bẹ̀bẹ̀ ni," ni mo fi ìwọ̀nba èémí tó kù sọ.

"Ó ń bẹ Ọlọ́run nítorí ẹ̀mí rẹ̀," ló sọ fún àwọn tó yí wa ká, ó sì tẹ̀ mí le sí i. Àwọn ará àdúgbò méjèèjì tí wọ́n ti ń bú ara wọn láti ọjọ́ yìí wá di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n ń gbàdúrà fún mi. Màdáámù alága kéde pé ìpàdé ti parí di ọjọ́ mìíràn.

Àwọn oníṣẹ́ pàjáwìrì dé, wọ́n so mí mọ́ ibùsùn onítáyà wọn, wọ́n sì gbé mi jáde. Wọ́n wọn èyí, wọ́n wọn tọ̀hún, wọn ò rí àìsàn kankan, àfi egungun ìhà tó ń ro mí, iṣẹ́ ọwọ́ Miss Denise sì nìyẹn. Ó dúró tì mí, ó gbé bàtà mi lọ́wọ́, ó ní ta ni kí òun pè nílé.

"Ìyá ìyàwó mi ló wà nílé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é. Torí rẹ̀ ni mo ṣe dùbúlẹ̀." Ibẹ̀ ni mo ti wá ro gbogbo rẹ̀ fún un, ti ìrìn ilé-ìwé, ti gèlè, ti tikẹ́ẹ̀tì. Mo tún jẹ́wọ́ pé èmi kì í ṣe ará àdúgbò wọn.

Ó gbé bàtà mi sílẹ̀. "Kí ló dé tí ẹ ò sọ èyí nínú ilé lọ́hùn-ún?"

"Mi ò tíì débẹ̀ ni."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí ẹ̀yìn ọkọ̀ aláìsàn.

Nígbà tí mo délé, Mofẹ́ sáré pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ń ṣe àfihàn ìpàdé náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, òun ló sì gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n fún ìyá rẹ̀ àgbà. "Daddy, I thought you died o. But Grandma ní you're just dobale-ing."

Màmá jókòó sí pálọ̀. Ó ní, "Mo wo ẹsẹ̀ yín, ó tò pọ̀ dáadáa. Ẹni tó dákú kì í to ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí lẹ ń bẹ̀ wọ́n fún?"

"Nítorí yín ni, Màmá. Kí wọ́n má mú Mofẹ́ lọ síbi tó jìn, kí ẹ má baà padà sílé."

Ó pa tẹlifíṣọ̀n. Lẹ́yìn náà ló ní, "Láti ọjọ́ ìgbéyàwó yín, Daddy Mofẹ́, ẹ ò tíì dọ̀bálẹ̀ fún mi báyẹn rí. Ìka kan lẹ fi ń kan ilẹ̀ fún mi láàárọ̀, ọwọ́ kejì yóò ti máa wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀."

Ojú tì mí.

"Ẹ lọ ń bẹ àwọn tí ẹ ò mọ̀ rí kí wọ́n bá yín dá mi dúró. Èmi tí mo wà níbí, ta ló bẹ̀ mí? Gbogbo ìgbà tí mò ń sọ tikẹ́ẹ̀tì yẹn, mò ń retí kí ẹnì kan ní, Màmá, ẹ má lọ. Ẹ̀yin àti ìyàwó yín á ní ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò."

Omi bọ́ lójú mi, kì í ṣe nítorí egungun ìhà nìkan. Mo tún dọ̀bálẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀, mo ní, "Màmá, ẹ má lọ. Ẹ bá wa gbé." Lẹ́sẹ̀ kan náà ni ó ní kí n dìde, ó ní ó ti tó, ó ní kí n lọ jẹun kí n tó dákú lóòótọ́.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tún jókòó, àdúgbò méjèèjì ni wọ́n kó lọ sí ilé-ìwé tuntun. Gbogbo ogun tí a jà, òfo ló já sí. Mofẹ́ ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán lọ́sàn-án báyìí. Miss Denise máa ń fi ọkọ̀ lọ gbé ọmọ tirẹ̀, ó sì máa ń ya ọ̀dọ̀ wa gbé Màmá kí wọ́n jọ lọ mú Mofẹ́ náà. Wọn ò gbọ́ èdè ara wọn tán, ṣùgbọ́n Mofẹ́ ní wọn kì í dákẹ́ nínú ọkọ̀.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ẹni tó yẹ kí á bẹ̀ lè wà nínú pálọ̀ wa, kí á máa wá ẹni tí a ó bẹ̀ kiri ìta. Mo tún kọ́ pé ẹni tí wọ́n bá fún ní ìṣẹ́jú méjì, kó kọ́kọ́ sọ ohun tó torí rẹ̀ wá, kó wá fi èyí tó kù kí èèyàn. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín, tó tún ń dùn mí díẹ̀, ni pé títí di bí mo ṣe ń wí yìí, kò sí ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ náà tó mọ ohun tí mo wá tọrọ lọ́wọ́ wọn.