Akèrègbè Tí Àjàgbé Rẹ́ Mọ́ Ògiri

Ẹ̀yin ẹni wa tí ẹ jókòó yìí, ta ni nínú yín ló mọ ohun tó mú kí àwọn àgbà máa pa á lówe pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè? Ẹ̀ ń mi orí. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni gbogbo yín mọ̀, ẹ kò mọ ibi tó ti ṣẹ̀. Ara ògiri ló ti wá. Ẹ fara balẹ̀ kí ẹ gbọ́ bó ṣe débẹ̀.

Ní ìlú Òkè-Amọ̀, láyé ìgbà tí owó ẹyọ ni wọ́n ń ná, ọ̀mọlé kan wà tó ń jẹ́ Àjàgbé. Bí ẹ bá rí ilé tí ògiri rẹ̀ jọ̀lọ̀ bí ẹ̀kọ tútù ní ìlú náà, Àjàgbé ló mọ ọ́n. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò ní ilé. Yàrá kan ṣoṣo ni òun, Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀, àti Àyọ̀ká ọmọ wọn obìnrin tí kò tíì pààrọ̀ eyín, ń gbé nínú ilé Bàbá Ládèjọ. Oṣù kì í lé kí Bàbá Ládèjọ má tíì dúró sẹ́nu ọ̀nà wọn, kó máa wúkọ́ ikọ́ tí kì í ṣe ikọ́ òtútù.

Bàbá Ládèjọ fẹ́ràn ògiri ju ènìyàn lọ. Bí ayálégbé bá kan èèkàn mọ́ ògiri kó lè fi aṣọ kọ́, á ní kó san owó ihò. Bí ayálégbé náà bá fẹ́ yọ èèkàn rẹ̀ kó máa lọ, á ní kó fi í sílẹ̀, nítorí ohun tó bá ti lẹ̀ mọ́ ògiri òun, ti òun ni.

Ní àdúgbò kan náà ni obìnrin arúgbó kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìyá Alájọ. Iṣẹ́ tí ó yàn láàyò ni kí ó máa ran àwọn tí ọwọ́ wọn kò tẹ́nu lọ́wọ́ kí àwọn náà lè kọ́lé. Ó ti bẹ ìdílé baálẹ̀ títí, wọ́n gé ilẹ̀ etí odò sí kékeré kékeré fún àwọn tí apá wọn kò ká ilẹ̀ ńlá. Bí ẹnikẹ́ni bá wá bá a, ìbéèrè kan ló máa ń kọ́kọ́ bi í.

"Ta ló ń ná owó nílé yín?"

Lọ́jọ́ tí Àjàgbé kó ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ lọ bá a, tó bi wọ́n bẹ́ẹ̀, Àwẹ̀ró nawọ́ sí ọkọ rẹ̀. Àjàgbé nawọ́ sí ọmọ rẹ̀. Àyọ̀ká wẹ̀yìn, kò rí ẹnì kankan tó lè nawọ́ sí.

"Bàbá Àyọ̀ká kì í lè kọjá lára ẹlẹ́mu," ni Àwẹ̀ró wí. "Bó bá gbowó iṣẹ́, gbogbo àwọn tó bá a po ẹrẹ̀ ló máa fún lẹ́mu, títí kan ẹni tó kàn ń kọjá lọ."

"Ọmọ yìí ńkọ́?" ni Àjàgbé dáhùn. "Ta ló lá oyin tán nínú akèrègbè ará ilé kejì? Kò sí ihò tí ọwọ́ rẹ̀ kì í wọ̀."

Ìyá Alájọ gbé akèrègbè kan jáde, ẹnu rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Ó ní kí Àjàgbé na ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ náà fẹ̀ bí ewé kókò, ẹrẹ̀ àná ṣì wà láàárín ìka. Ìka rẹ̀ wọlé díẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ kọ̀. Ó ní kí Àyọ̀ká na tirẹ̀. Ọwọ́ ọmọ náà wọlé wẹ́rẹ́ bí eku tó ń wọ ihò.

"Ó dáa," ni Ìyá Alájọ wí. "Ìwọ Àjàgbé, akèrègbè yìí ni yóò máa ṣọ́ owó fún ọ. Ìwọ ọmọ, pẹpẹ ni yóò máa ṣọ́ ọ. Ẹ gbé e ka orí pẹpẹ tó ga, kí ẹ máa ju owó sínú rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ọjà. Bó bá kún, ẹ gbé e wá, ká jọ fọ́ ọ lórí ilẹ̀ yín."

Ìmọ̀ràn tó dára ni. Ibi tó ti bàjẹ́ ni pé ọ̀mọlé ni wọ́n fún.

Àjàgbé gbé akèrègbè délé, ó gbé e ka orí pẹpẹ inú ògiri, ibi tí òun pàápàá ní láti na ara kí ọwọ́ rẹ̀ tó tó o. Akèrègbè náà ń mì. Ẹ sì mọ̀ pé ọ̀mọlé kì í lè rí ohun tó ń mì kó sùn. Ó po ẹrẹ̀ díẹ̀, ó fi tì í nídìí. Ó wò ó, apá ọ̀tún ga ju apá òsì lọ. Ó fi ẹrẹ̀ sí apá òsì. Nígbà tó wá dọ́gba tán, ó rí i pé ihò kékeré kan ṣẹ́kù lẹ́yìn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo akèrègbè ti wọnú ògiri lọ, ẹnu rẹ̀ nìkan ló kù síta, bí ẹnu ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tí kò rántí ohun tó fẹ́ sọ.

"Bàbá Àyọ̀ká," ni Àwẹ̀ró wí, "báwo la ṣe máa gbé e kúrò níbẹ̀?"

"Kí ni à ń gbé e kúrò fún? Olè ni kò ní lè gbé e."

Àwẹ̀ró wo ògiri, ó wo ọkọ rẹ̀, ó sì padà sídìí ẹ̀wà tó ń ṣà.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi wọ́n ṣẹ̀sín jù, wọ́n tọ́jú owó. Àjàgbé a máa yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bó bá ń kọjá lọ́dọ̀ ẹlẹ́mu, títí ọrùn fi ń dùn ún. Ẹja inú ọbẹ̀ Àwẹ̀ró di ohun tí wọ́n kàn ń dárúkọ. Àyọ̀ká náà mú ẹyọ tí ìyá rẹ̀ àgbà fún un wá. Wọ́n á sín owó sínú okùn, wọ́n á jù ú sí ẹnu akèrègbè, yóò sì dún bí òjò tó ń bẹ̀rẹ̀ lórí ewé. Nígbà tó yá, kò dún mọ́. Ó ti kún.

Ọjọ́ tó kún gan-an ni Ìyá Alájọ sáré wọlé, gèlè rẹ̀ ti fẹ́ já.

"Àjàgbé, ilẹ̀ etí odò ti ku ẹyọ kan. Oníṣu kan ní òun fẹ́ fi sin ewúrẹ́, owó rẹ̀ sì wà lọ́wọ́. Mo bẹ ìdílé baálẹ̀, wọ́n ní àwọn yóò dúró dè ọ́ títí ọjà yóò fi tú. Gbé akèrègbè rẹ ká máa lọ."

Àjàgbé wo òkè. Ìyá Alájọ náà wo òkè. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó rí ẹnu akèrègbè.

"Ta ló ṣe báyìí?" ni Ìyá Alájọ béèrè.

"Ó ń mì ni, Ìyá."

Àjàgbé gbé ọkọ́ rẹ̀ láti fi hú u jáde. Ìró ọkọ́ lára ògiri kò tíì dún ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí Bàbá Ládèjọ fi dé ẹnu ọ̀nà.

"Ọkọ́ wo lò ń lò nínú ilé mi?"

"Akèrègbè wa ni mo fẹ́ yọ, Bàbá."

Bàbá Ládèjọ fi ọwọ́ pa ibi tí ọkọ́ kàn bí ẹni ń tu ọmọ nínú. Ó wá wo òkè. "Akèrègbè mi, o fẹ́ wí. Ohun tó bá ti lẹ̀ mọ́ ògiri mi, tèmi ni. Ìwọ fúnra rẹ lo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Iṣẹ́ rẹ mọ́ púpọ̀."

"Owó inú rẹ̀ ńkọ́?" ni Ìyá Alájọ bi í. Àwọn ará ilé ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú.

Bàbá Ládèjọ wo ọwọ́ Àjàgbé dáadáa kó tó dáhùn. "Èmi kì í ṣe olè. Ẹni tó bá lè kó o jáde láì fọ́ akèrègbè, tí kò sì yọ ògiri mi, kó máa kó o lọ. Gbogbo yín gbọ́."

Àjàgbé dojú odó délẹ̀, ó gun orí rẹ̀. Ó ń ronú ilẹ̀ etí odò. Ó ń ronú ewúrẹ́ tó máa di onílé nígbà tí ọ̀mọlé ṣì jẹ́ ayálégbé. Ó kó gbogbo ìka rẹ̀ jọ, ó sì fi agbára tì wọ́n sí ẹnu akèrègbè. Wọ́n wọlé dé oríkèé. Ó fẹ́ fà wọ́n jáde, wọn kò jáde. Ibi tó ti ń fà á ni odó ti yí kúrò lábẹ́ rẹ̀.

"Bàbá mi," ni Àyọ̀ká bẹ̀rẹ̀.

"Dákẹ́ ná," ni Àwẹ̀ró wí. "Àwọn àgbà ń ṣiṣẹ́."

Àjàgbé wá dúró lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lókè bí ẹni tó ń dá ògiri lóhùn. Àwọn ará ilé dì í mú níbàdí, wọ́n fà. Ògiri kò mì rárá. Àjàgbé ló rẹ́ ẹ.

"Ẹ̀yin baba," ni Àjàgbé wí, "ṣé èmi náà ti lẹ̀ mọ́ ọn nìyí? Ṣé mo ti di tiyín?"

"Bó bá di ìrọ̀lẹ́ tí o ṣì wà níbẹ̀," ni Bàbá Ládèjọ dáhùn, "a ó sọ̀rọ̀ owó ilé ti òkè."

Àwẹ̀ró sáré gbé ọbẹ̀ ilá tó wà lórí iná, ó fẹ́ ẹ títí ó fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó gun odó, ó sì dà á sí ọwọ́ ọkọ rẹ̀. Ilá ṣàn wọnú akèrègbè, ó ṣàn bọ̀ ní apá Àjàgbé dé abíyá. Ọwọ́ yọ lójijì, gbogbo àwọn tó dì í mú sì jókòó sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Lẹ́yìn èyí, ẹni gbogbo dán ọwọ́ tirẹ̀ wò. Ahunṣọ yàrá kejì, tí ọwọ́ rẹ̀ gbẹ bí igi ìdáná, kò rí i wọ̀. Àwẹ̀ró kò rí i wọ̀. Wọ́n ti igi bọ̀ ọ́, okùn owó ti lọ́ mọ́ra wọn nínú ilá, igi sì ṣẹ́. Láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n ń gbọ́ tí ariwo ọjà ń lọ sílẹ̀. Ìyá Alájọ fi ọwọ́ lẹ́rán.

Àyọ̀ká kò gbàyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Ó sáré láti ìdí ìlẹ̀kùn, ó fò sókè, ó na ọwọ́. Ọwọ́ rẹ̀ kò tilẹ̀ dé ibi tí ilá ṣàn dé. Ó gun odó, ó tún fò. Kò tó.

Bàbá Ládèjọ rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ ò rí nǹkan. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ẹ kí owó yín pé ó dìgbóṣe."

Ìyá Alájọ gbé ọwọ́ kúrò lẹ́rán. "Bàbá Ládèjọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wí."

Inú Bàbá Ládèjọ dùn pé ọ̀rọ̀ òun dára tó bẹ́ẹ̀. Ó tún un wí, ó sì fà á gùn.

"Òótọ́ lẹ sọ," ni Ìyá Alájọ wí. "Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ṣùgbọ́n ó ń wọ akèrègbè. Ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè, ṣùgbọ́n ó ń tó pẹpẹ. Àjàgbé, kí lò ń wò? Bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ọmọ gun ọ́ lọ́rùn."

Àjàgbé bẹ̀rẹ̀. Àyọ̀ká gun ọrùn bàbá rẹ̀, bàbá dìde, ọwọ́ ọmọ sì wọlé wẹ́rẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa okùn owó jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ilá ń kán láti ara wọn sórí bàbá rẹ̀.

"Ohun tí mo ti ń fẹ́ sọ nìyẹn," ni Àyọ̀ká wí lókè.

"Kí ló dé tí o kò sọ ọ́?" ni ìyá rẹ̀ bi í.

"Ẹ ní kí n dákẹ́."

Wọ́n sáré dé ọ̀dọ̀ ìdílé baálẹ̀ nígbà tí àwọn alátẹ ìkẹyìn ń di ẹrù. Ọkùnrin tó ń ka owó gbé okùn kan, ó yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e, ó tún yọ̀.

"Owó wo nìyí? Ṣé inú ọbẹ̀ lẹ ti bù ú ni?"

"Ilá ilé wa ni, Bàbá," ni Àjàgbé dáhùn. "Ẹ má bẹ̀rù, kò sí ẹja nínú rẹ̀."

Owó náà pé. Nígbà tí wọ́n dé etí odò, ewúrẹ́ oníṣu kan ti dùbúlẹ̀ sí àárín ilẹ̀, ó ń jẹ àpọ̀jẹ. Àjàgbé dúró níwájú rẹ̀, ó wúkọ́ bí Bàbá Ládèjọ ti máa ń wúkọ́. Ewúrẹ́ náà dìde, ó lọ. Gbogbo àwọn tí Àjàgbé ti fún lẹ́mu rí ló wá bá a po ẹrẹ̀, títí kan ẹni tó kàn ń kọjá lọ, ilé sì dìde. Pẹpẹ ilé náà kò ga. Akèrègbè tuntun sì wà lórí rẹ̀ tó ń mì, nítorí Àwẹ̀ró ti kó gbogbo ẹrẹ̀ tó ṣẹ́kù dànù sódò.

Bàbá Ládèjọ ńkọ́? Wọ́n fi akèrègbè rẹ̀ sílẹ̀ fún un bó ṣe fẹ́. Lọ́jọ́ kan ó gbé fìtílà wọ yàrá náà, ó gun àpótí, ó yọjú wo inú rẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo tó já kúrò lára okùn ń dán nísàlẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn, kò rí ẹnikẹ́ni. Ó kó ìka rẹ̀ jọ.

Àjàgbé ni wọ́n wá pè nílé rẹ̀ tuntun. Ó bá a lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀, ọwọ́ lókè.

"Àjàgbé ọmọ mi," ni Bàbá Ládèjọ wí, "gbé ọkọ́ rẹ, kí o fọ́ nǹkan yìí."

"Háà, Bàbá, kí n fọ́ ògiri yín?" Àjàgbé wá àpótí, ó jókòó. "Àwẹ̀ró ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rẹ́ ilá ni. Ẹ ṣe sùúrù kó jinná."

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Gbogbo Òkè-Amọ̀ ló gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó dá òwe náà nìkan ni kò gbà á gbọ́.