Òsúkè Tó Lé Ọba Mẹ́ta Sá

Káàdì tó ń bọ́ sọ́wọ́ Télọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà burú débi pé káàdì fúnra rẹ̀ ń tijú.

Márùn-ún ló gbà, kò sí èyí tó bá ìkejì rẹ̀ tan!

Ó dà wọ́n dé, ó jáwọ́ nínú ìdíje náà. Wọ́n pín òmíràn. Èyí tún burú jù!

Ṣọ́ọ̀bù Onígbàjámọ̀ ni wọ́n ti ń ta káàdì póòkà nígbà ìsinmi ọ̀sán: Télọ̀, Onígbàjámọ̀ fúnra rẹ̀, àti Alápatà. Ìdérí ìgò ni wọ́n fi ń ta á. Tí aago méjì bá lù, ẹni tí ìdérí rẹ̀ kéré jù ni yóò fọ mọ́tò tí Alápatà fi ń kó ẹran.

Télọ̀ ló fọ̀ ọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Òórùn ẹran bá a dé ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ. Obìnrin kan tó fẹ́ fa ọmọ rẹ̀ fọ́kọ gbé aṣọ funfun ọmọ náà símú.

"Télọ̀, ṣé ẹ rán aṣọ yìí ni àbí ẹ pa á?"

Ìrọ̀lẹ́ òní ló tún ń bọ̀ wá wò ó. Tó bá tún gbóòórùn, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn.

Alápatà ní tiẹ̀, káàdì dáa o, káàdì ò dáa o, GBÀ! ló ń lu tábìlì bí ẹni ń gé egungun.

"Mo fi márùn-ún kún un! Ta ló láyà?"

Télọ̀ ò láyà. Ó ń da káàdì dé títí ó fi ku ìdérí márùn-ún níwájú rẹ̀. Inú wá bí i. Pẹ̀lú káàdì jákujàku ọwọ́ rẹ̀, ó ti gbogbo ìdérí náà síwájú.

"Ẹ̀gbọ́n, mo bá yín ta á... HÍÌKÌ!"

Àwọn méjèèjì wo ara wọn.

"Ha! Ayọ̀ ló fún ọkùnrin yìí lọ́rùn!" Onígbàjámọ̀ ju káàdì sílẹ̀.

Káàdì ọba mẹ́ta ń bẹ lọ́wọ́ Alápatà. Ó wo ojú Télọ̀. Òógùn bo Alápatà.

"HÍÌKÌ!"

"Kó o! Máa kó o lọ!" Alápatà da tirẹ̀ dé.

Ẹ̀rín ń pa Télọ̀ nínú! Ọba mẹ́ta sá fún òsúkè!

Wọ́n tún pín in. Télọ̀ ṣí káàdì: éèsì kan, káàdì tó ju ọba lọ. Éèsì kejì. Ẹ̀kẹta. Ẹ̀kẹrin! Láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti bí i, irú ẹ̀ ò bọ́ sí i lọ́wọ́ rí. Ó fẹ́ rọra tan àwọn méjèèjì kí wọ́n lè fi ìdérí púpọ̀ kún un. Ó pa ẹnu dé, ó sé èémí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bíi bọ́ọ̀lù.

"HÍÌÌÌKÌ!"

Wàì! Àwọn méjèèjì da káàdì dé.

"Rárá o! Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ta á! Òsúkè lásán ni!"

"Lásán kẹ̀? Ti ẹ̀ẹ̀kan ńkọ́?" Alápatà bi í.

"Irọ́ ni mo pa nígbà yẹn!"

"Ẹ gbọ́ irọ́ tó ń pa báyìí!" Onígbàjámọ̀ pariwo.

Éèsì mẹ́rin, ìdérí méjì péré tí àwọn méjèèjì kọ́kọ́ fi lélẹ̀ ló fi jẹ!

Kàn-án! Kàn-án! Aago méjì. Wọ́n kà á: ìdérí kan ṣoṣo ni Onígbàjámọ̀ fi ju Télọ̀ lọ.

Télọ̀ fi ìbínú ṣí éèsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí tábìlì. Alápatà súfèé, ó nu òógùn, ó gbá a léjìká.

"Ṣé ẹ rí i? Olóòótọ́ èèyàn ni Télọ̀, òsúkè rẹ̀ kì í purọ́! Àbúrò, ọṣẹ wà lábẹ́ àga mọ́tò."