Ọjọ́ Tí Inú Run Kíláàsì Kìn-ín-ní

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run? Ẹ ń wo ara yín. Ẹ rò pé ara ògiri ni wọ́n ti rí i. Rárá o. Alángbá kò mọwọ́ kò mọsẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n kàn yá lò. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ni òwe náà ti bẹ̀rẹ̀, ìdánwò ìṣirò ló sì bí i. Ẹ fara balẹ̀, ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́.

Ọmọbìnrin kan wà tó ń jẹ́ Oyèdoyin. Ọmọ dáadáa ni, ó bẹ̀rù Ọlọ́run, ó mọ ilé tọ́jú, ṣùgbọ́n òun àti ìṣirò kì í kí ara wọn. Ìṣirò tó bá ní ọsàn tàbí iṣu nínú, ó lè gbìyànjú rẹ̀. Èyí tí wọ́n bá ti ti lẹ́tà bọ àárín nọ́ńbà, ojú rẹ̀ á ṣú. Ohun kan ṣoṣo ló sì ń fẹ́ láyé yìí: ó fẹ́ di olùkọ́ àwọn ọmọ kéékèèké. Nígbà tí wọ́n gbà á sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ tó wà lórí òkè ní Ìjẹ̀sàlú, ìyá rẹ̀ dìde jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì jó títí gèlè fi bọ́ lórí rẹ̀. Ẹ̀yin náà rí i pé ilé ò ṣeé padà sí lọ́wọ́ òfo mọ́.

Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn, ọmọ tuntun kì í ṣàdédé wọ kíláàsì ìṣirò. Wọ́n á kọ́kọ́ ṣe ìdánwò kan, ogójì ìbéèrè, kí wọ́n lè mọ ibi tí kálukú ti máa bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dáadáa á lọ sí kíláàsì kìn-ín-ní. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n díẹ̀ á lọ sí ìkejì. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n rárá á lọ sí ìkẹta, níbi tí wọ́n á ti fà á lọ́wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kò sí pé ẹnì kan yege, kò sí pé ẹnì kan kùnà. Ó dà bí ìgbà tí télọ̀ bá ń wọn ènìyàn kó tó gé aṣọ. Ta ló máa ń wú ikùn sí télọ̀ kí aṣọ òun lè tóbi?

Ọ̀gbẹ́ni Akínyosóyè, olùkọ́ ìṣirò, ṣàlàyé gbogbo èyí fún wọn kó tó pín ìwé.

"Ohun tí ẹ bá mọ̀ ni kí ẹ kọ. Ẹ má wo ìwé ẹlòmíràn. Kò sí ìtìjú kankan níbẹ̀."

Ṣùgbọ́n ta ló gbọ́? Ọmọ wa tó bá ti gbọ́ "ìdánwò", ohun tó gbọ́ ni pé kí òun má ṣe gbẹ̀yìn.

Oyèdoyin gbàdúrà, ó ṣí ìwé. Ìbéèrè kìn-ín-ní ní lẹ́tà kan nínú. Ìkejì ní méjì. Nígbà tó fi máa dé ìkarùn-ún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé lẹ́tà nìkan ló kù. Ó gbé ojú sókè sí Olúwa, àmọ́ kí ojú náà tó dé ọ̀run, ó bá Àṣàkẹ́ pàdé lọ́nà. Àṣàkẹ́ yìí ni ọmọbìnrin tó jókòó níwájú rẹ̀, ìwé rẹ̀ sì là sílẹ̀ gbagada.

"Olúwa," ó sọ ọ́ nínú ọkàn rẹ̀, "n ò wò ó o. Mo kàn fẹ́ mọ ibi tó bá a dé ni."

Ó rí i pé Àṣàkẹ́ ti bá a dé ìkejìdínlógún. Ó sì rí gbogbo ohun tí Àṣàkẹ́ kọ láti ìkìn-ín-ní dé ìkejìdínlógún. Nígbà tó yá, ó tún fẹ́ mọ ibi tó kù sí.

Ohun tí Oyèdoyin kò mọ̀ ni pé Àṣàkẹ́ fúnra rẹ̀ ń na ọrùn bí àgùnfọn sí ẹni tó wà níwájú tirẹ̀. Ẹni yẹn náà ń nà án sí ẹni iwájú. Bẹ́ẹ̀ ni ìdáhùn ń bọ̀ láti ọrùn dé ọrùn, bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe ń gbé búlọ́ọ̀kù láti ọwọ́ dé ọwọ́, láti bẹ́ǹṣì iwájú pátápátá, níbi tí ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Túbọ̀sún jókòó sí. Onítìjú ènìyàn ni Túbọ̀sún. Tí wọ́n bá kí i, ilẹ̀ ló máa ń wò dáhùn. Kò mọ̀ pé òun ń bọ́ odindi ìlú lẹ́yìn.

Èsì jáde. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ènìyàn gba méjìdínlógójì nínú ogójì. Gbogbo mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló kùnà ìbéèrè méjì, ìbéèrè méjì kan náà. Ẹlòmíràn ì bá fura. Ṣùgbọ́n ó ti pé ọdún méjìlá tí Ọ̀gbẹ́ni Akínyosóyè ti ń bẹ Ọlọ́run pé kó rán ọmọ tó mọ ìṣirò sí òun. Ó kúnlẹ̀ síwájú pátákó tí wọ́n lẹ èsì mọ́.

"Baba, ẹ ṣeun! Ẹyọ kan ni mo tọrọ o! Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan náà!"

Bí Oyèdoyin ṣe bá ara rẹ̀ ní kíláàsì kìn-ín-ní nìyẹn. Ọ̀gbẹ́ni Akínyosóyè kọ pátákó kún láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó yíjú padà, ó rẹ́rìn-ín.

"Ó yé yín?"

"Ó yé wa, sà!"

Oyèdoyin wo ọ̀tún, ó wo òsì. Gbogbo orí ń mì, "ẹn, ẹn". Àyà rẹ̀ já. Lójú tirẹ̀, olè kan ṣoṣo ló wọ àárín àwọn ọ̀mọ̀wé, òun sì ni. Kí àṣírí má baà tú, ó pinnu pé òun ni òun á máa pariwo jù. Ọjọ́ kejì tí wọ́n béèrè, "Ó YÉ WA, SÀ!" tirẹ̀ mi fèrèsé. Túbọ̀sún nìkan ni kò dáhùn. Ó tẹrí ba, ó ń kọ̀wé.

"Wo Túbọ̀sún," Àṣàkẹ́ rọra sọ sí i létí. "Ó jọ pé kò yé e rárá."

"Àánú rẹ̀ ṣe mí," ni Oyèdoyin dá a lóhùn.

Ariwo yẹn ló kó o sí wàhálà. Ọ̀gbẹ́ni Akínyosóyè ní ẹni tí ìṣirò yé débi tó ń fi gbogbo ara dáhùn báyìí, òun ló yẹ kó jẹ́ olórí kíláàsì. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ó ní kí olórí kíláàsì máa kọ́ àwọn yòókù ní ìrọ̀lẹ́. Oyèdoyin dúró níwájú wọn, ó da gbogbo ohun tó wà nínú ìwé rẹ̀ kọ sórí pátákó bó ṣe bá a, títí kan àbàwọ́n tó kù níbi tí sà ti nu ṣọ́ọ̀kì, tó dà bíi lẹ́tà. Ó fa igi sí i nídìí.

"Ó yé yín?"

"Ó yé wa!"

"Ìwọ ọmọ yìí," ni Àṣàkẹ́ wí nígbà tí wọ́n ń lọ, "o mọ̀ ọ́n kọ́ ju sà lọ!"

Oyèdoyin dé yàrá, ó sunkún.

Àfi bí Ọ̀gbẹ́ni Akínyosóyè ṣe wọlé lọ́jọ́ Ajé kan tó ń fọwọ́ pa ọwọ́. Ó ti ròyìn wọn dé ọ́fíìsì ìjọba. Olùyẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́ ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ láti wá fojú ara rẹ̀ rí wọn.

"Olórí kíláàsì ló máa kọ́kọ́ bọ́ sí pátákó. Mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá dójú tì mí níwájú àlejò, kó di ẹrù rẹ̀ sílẹ̀. Ilé ló ń lọ."

Oyèdoyin gbààwẹ̀ láti ọjọ́ náà. Ó bẹ Ọlọ́run pé kí táyà ọkọ̀ olùyẹ̀wò jò. Táyà kò jò. Obìnrin náà tilẹ̀ dé ṣáájú àkókò, obìnrin gíga kan tí ojú rẹ̀ tutù. Ó ní òun kò fẹ́ dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni, kí wọ́n fi èyí tó rọrùn ṣí ọ̀fun ná. Ó kọ méjì sórí pátákó, ó ti lẹ́tà kan mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní kí wọ́n yọ márùn-ún kúrò nínú rẹ̀, ó ku mọ́kànlélógún.

"Èló ni lẹ́tà yìí dúró fún? Olórí kíláàsì, ó yá, ọmọ mi."

Oyèdoyin gba ṣọ́ọ̀kì. Ó wo lẹ́tà, lẹ́tà wò ó. Ló bá di ikùn mú.

"Yéè! Inú mi o!"

Láti kékeré ni ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ pé bí inú bá ń run ènìyàn, kó dakùn délẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì tútù. Ó ju ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, ó dakùn délẹ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, mà, kò burú," ni Ọ̀gbẹ́ni Akínyosóyè wí. "Àwọn méjìdínlọ́gbọ̀n ṣì wà. Àṣàkẹ́, wá gbé ṣọ́ọ̀kì."

Àṣàkẹ́ kò tíì dé ìdajì ọ̀nà tó ti ká kò.

"Inú ń run èmi náà, sà. Ẹ̀wà tí a jọ jẹ láàárọ̀ ni."

"Ẹ̀wà wo? Ṣebí Oyèdoyin ń gbààwẹ̀ láti ọjọ́ Ajé!"

"Tèmi àti tirẹ̀ ni mo jẹ, sà."

Ó dakùn délẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ Oyèdoyin. Ẹni kẹta ò dúró kí wọ́n pe òun. Ẹni kẹrin àti ìkarùn-ún jọ lọ ni. Ọmọkùnrin kan wà tó jẹ́ pé ilé ìyá rẹ̀ nínú ìlú ló ti ń wá, Ọ̀gbẹ́ni Akínyosóyè di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ìwọ kì í jẹ oúnjẹ ibí!"

"Mo gbọ́ òórùn rẹ̀, sà."

Kí a tó ṣẹ́jú, bẹ́ǹṣì ti ṣófo. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ènìyàn na gbalaja sílẹ̀, ìlà lórí ìlà, wọ́n ń kérora.

Olùyẹ̀wò fi ìborùn bo imú.

"Onígbáméjì rèé! Ẹ ti ilé ìdáná pa! Ẹ mú ẹni tó se ẹ̀wà yẹn sílẹ̀ fún ọlọ́pàá! Kí gbogbo ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ yìí wà ní ilé bàbá wọn kó tó di alẹ́!"

Oyèdoyin gbọ́ ọ láti orí sìmẹ́ǹtì. Ilé tí kò fẹ́ padà sí tó fi purọ́ ni irọ́ náà tún ń gbé e lọ yìí, ó sì fẹ́ kó ìyá alásè tí kò ṣẹ̀ ẹ́ sí àgọ́ ọlọ́pàá ní àfikún. Ó ń ronú ohun tó máa ṣe lọ́wọ́ nígbà tí Màmá Nọ́ọ̀sì, tó ń tọ́jú aláìsàn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, sáré dé pẹ̀lú àwo abẹ́rẹ́. Màmá Nọ́ọ̀sì rìn láàárín wọn lọ, ó rìn láàárín wọn bọ̀. Ó tẹ ẹ̀yìn tibí, ó tẹ ẹ̀yìn tọ̀hún.

"Abẹ́rẹ́ tó wà lọ́wọ́ mi ò ju mẹ́fà lọ. Ta ni inú ń run gan-an?"

"Èmi ni, mà!" Gbogbo wọn ló jọ dáhùn, ohùn kan náà tí wọ́n fi ń sọ pé ó yé wa.

"Ó dáa. Láti ọwọ́ iwájú ni màá ti bẹ̀rẹ̀."

Ọwọ́ iwájú, Oyèdoyin ni. Ó rí abẹ́rẹ́ náà, ó gùn tó pẹ́ńsù. Ó dìde lórí eékún.

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ti ilé-ẹ̀kọ́ pa. Ẹ má mú ìyá alásè. Inú kò run mí. Ìṣirò ni kò yé mi. Kò yé mi rí láti ọjọ́ tí mo ti wọ ibí. Mo wo ìwé Àṣàkẹ́."

Àṣàkẹ́ gbé orí sókè.

"Ìwé tèmi? Ṣé pé kì í ṣe pé o mọ̀ ọ́n? Èmi tí mo wo ìwé ẹni iwájú mi!"

Ẹni iwájú rẹ̀ náà dìde, ó ní òun náà wo ìwé ẹlòmíràn. Bí wọ́n ṣe ń dìde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nìyẹn, tí inú ń san fún wọn. Ọ̀gbẹ́ni Akínyosóyè wá ibi jókòó sí.

"Ọdún méjìlá àdúrà," ó ń sọ ọ́ fún ara rẹ̀. "Ọdún méjìlá."

Ẹnì kan ṣoṣo ló kù nílẹ̀: Túbọ̀sún. Inú bí olùkọ́.

"Dìde! Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ti jẹ́wọ́, ìwọ ṣì ń parọ́!"

"Sà," ni Túbọ̀sún wí, ó dojú kọ sìmẹ́ǹtì, "inú ń run mí lóòótọ́. Láti ìdájí ni. Mo fẹ́ ṣe ìṣirò yẹn, ṣùgbọ́n n ò lè dìde. Mẹ́tàlá ni, sà."

Olùyẹ̀wò bojú wo pátákó. Mẹ́tàlá ni lóòótọ́. Màmá Nọ́ọ̀sì yí Túbọ̀sún padà, ó fọwọ́ kan ikùn rẹ̀, ó le bí òkúta. Igbe ni ó fi gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn.

Ta ni Ọ̀gbẹ́ni Akínyosóyè fẹ́ lé? Bó bá lé wọn, pátákó ni yóò máa kọ́ níṣirò. Wọ́n tún ìdánwò náà ṣe, bẹ́ǹṣì kan fún ẹnì kan, wọ́n sì ru bẹ́ǹṣì mẹ́rìnlá kún ti kíláàsì kẹta. Ibẹ̀ ni Oyèdoyin wà. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní tí wọ́n béèrè pé ṣé ó yé wọn, ó na ọwọ́ sókè, ó ní, "Kò yé mi, sà." Ọ̀gbẹ́ni Akínyosóyè ní ká sọ pé agbọ̀n ọsàn méjì ni, iye kan náà ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, márùn-ún jẹrà, mọ́kànlélógún ló kù. Ẹnu rẹ̀ kò tíì dé tí Oyèdoyin fi pariwo pé mẹ́tàlá.

Túbọ̀sún náà gbádùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀gá àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì ti ìrìn-àjò dé, tó gbọ́ pé ọmọ tó ń ṣàìsàn wà nílẹ̀ gbalaja lójú nọ́ọ̀sì, ó ránṣẹ́ pe Màmá Nọ́ọ̀sì.

"Ẹ wà níbẹ̀, abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ yín, ẹ sì fo ọmọ yẹn kọjá lẹ́ẹ̀mejì. Ṣé ojú ń dùn yín ni?"

Màmá Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, sà. Kò sí ohun tó ṣe ojú mi. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ẹ̀yìn ni mo bá nílẹ̀, wọ́n sì ń kérora ju ẹni tó ń ṣàìsàn lọ. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, sà, a ò mọ èyí tí inú ń run."